Ibi Tí Òǹtẹ̀ Kò Mú

Ìgbà kan ń bẹ tí kò sí nínú kàlẹ́ńdà tí a gbé kọ́ ara ògiri. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ a máa pè é ní ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹni tí ó ṣojú rẹ̀ a máa pè é ní àná. Kí ẹnikẹ́ni má bi wá ní ọdún rẹ̀. Fóònù ti wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà nígbà náà, sìmẹ́ǹtì ti ń ti inú àpò jáde bí ó ti ń jáde lónìí, Òkè Olósùnta sì ti jókòó sí àyè rẹ̀ lókè Ìkẹ́rẹ́, kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn. Ní ìgbà náà ni ọkùnrin kan da kọnkéré sí ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀. Gbogbo kọnkéré náà gbẹ, àfi ibì kan tí kò fẹ̀ ju ẹní ọmọdé lọ.

Ọláyíwọlá Fálẹ́yẹ ni orúkọ ọkùnrin náà. Èbúté Èkó ni ó ti ṣiṣẹ́ títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó kó aya rẹ̀, Ọmọ́rìnsọ́lá, padà wá sí Ìkẹ́rẹ́, sínú ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Kì í ṣe ìdùnnú ni ó kó wọn wálé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni ó kọlu obìnrin náà. Ó mú un lẹ́sẹ̀, ó sì mú ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ti ń kọrin káàkiri ilé rí fi di ẹni tí í jókòó sórí àga onítáyà láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́, tí kì í béèrè oúnjẹ, tí kì í béèrè omi. Dókítà ti kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀ pé kí ó máa ṣọ́ ọ, kí ohunkóhun má ṣe já lù ú lójijì, nítorí pé bí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá tún padà wá, kì í sábà lọ lásán.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, tí nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí, Ọmọ́rìnsọ́lá kò sun oorun ọjọ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́ títí àìsàn fi gbé e wálé. Bí ayẹyẹ bá pe ọkọ rẹ̀ wálé, òun a wà ní Èkó. Orúkọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ náà, tọkọtaya kì í dá a láàárín ara wọn. Wọ́n rìn yí i ká bí ẹni ń rìn yí kànga ká lókùnkùn, ọdún sì gorí ọdún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́, Ọmọ́rìnsọ́lá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó tẹjú mọ́ erùpẹ̀ pupa tí ó wà níta.

"Bàbá Wálé," ni ó wí.

Ọkọ rẹ̀ sáré jáde láti inú yàrá, nítorí pé ó ti pẹ́ tí ó ti gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀. Wálé ni ọmọ wọn tí ó wà ní òkè òkun. "Ìyá Wálé, èmi nìyí."

"Ẹ̀yìnkùlé yẹn. Ó ń wù mí kí n máa jókòó níbẹ̀."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tí ó béèrè nìyẹn láti ìgbà tí àìsàn ti gbé e ṣánlẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì gbà á bí ẹni gba ẹyin. Bí òjò bá rọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé náà, amọ̀ rẹ̀ a máa fa bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ ènìyàn, ká má tilẹ̀ sọ ti táyà àga. Ọláyíwọlá pinnu pé òun yóò tẹ́ ibẹ̀ pẹ́rẹ́sẹ́, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ara ògiri ìsàlẹ̀. Ó ti rí i lórí fóònù rẹ̀ bí àwọn kan ṣe ń da kọnkéré, tí wọ́n sì ń fi òǹtẹ̀ rọ́bà tẹ̀ ẹ́ kí ó tó le, tí yóò sì dà bí òkúta tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ tò sílẹ̀.

"Dádì, ẹ pe bíríkìlà," ni Wálé wí fún un lórí fóònù. "Ẹ̀yìn yín ń dùn yín."

"Ọwọ́ tí ó fẹ́ ẹ sílé ni yóò tẹ́ ilẹ̀ fún un," ni bàbá rẹ̀ dá a lóhùn.

Àwọn òǹtẹ̀ náà ti Èkó wá nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n dì wọ́n sínú àpò ìrẹsì. Wọ́n fẹ̀ bí ọpọ́n ìgbàlejò, wọ́n nípọn, ojú wọn kan dán, èkejì kún fún àpẹẹrẹ òkúta tí ó sán, pẹ̀lú ìlà wẹ́wẹ́ bíi ti àtẹ́lẹwọ́ arúgbó. Àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú kan bá wọn wá, pupa rẹ̀ rẹ̀ dòdò bí ẹ̀pà sísun. Òun ni wọ́n ń bù wọ́n ojú kọnkéré kí òǹtẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ọláyíwọlá tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà Kérésìmesì fún.

Ẹni kan ṣoṣo ni inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ìyá Deborah ni, àbúrò bàbá Ọláyíwọlá, arúgbó kan tí ń gbé yàrá iwájú ilé náà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ ẹ̀yìn òkè, ìyá náà a gbé àpótí rẹ̀, a lọ gbé e kalẹ̀ sí igun kan lábẹ́ igi ọsàn wẹ́wẹ́ tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé, a sì jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Láti ìgbà tí Ọláyíwọlá ti jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin ni ó ti ń bá a níbẹ̀ bí ó bá wálé. Atẹ́gùn ni gbogbo ayé gbà pé ó ń gbà.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé àpótí yín sí ọ̀dẹ̀dẹ̀," ni Ọláyíwọlá wí ní ọjọ́ tí ó fẹ́ ta okùn láti wọn ilẹ̀ náà.

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ṣẹ̀ mí, èmi náà kò ṣẹ̀ ẹ́. Kí ni mo fẹ́ lọ bá níbẹ̀?"

"Kọnkéré ni a fẹ́ dà, Ìyá. Yóò dára ju báyìí lọ. Ẹ ó máa jókòó lé e bí olorì."

Ìyá náà fi ojú wọn ẹ̀yìnkùlé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ṣé gbogbo ulẹ̀ yìí ni?"

"Gbogbo rẹ̀, títí dé ara ògiri."

Ìyá Deborah yí ojú sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí Ọmọ́rìnsọ́lá jókòó sí. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Dá igun yìí sí, Ọláyíwọlá. Ibi tí mo gbé àpótí sí nìkan. Jẹ́ kí ó wà ní erùpẹ̀."

"Nítorí kí ni, Ìyá?"

"Nítorí pé mo ní kí o dá a sí."

Ọláyíwọlá rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, bí mo bá dá ihò sí igun yẹn, táyà àga Ìyá Wálé yóò há sínú rẹ̀. Òun ni a sì ń torí rẹ̀ ṣe é."

Ìyá náà la ẹnu, ó pa á dé. Ó fi ọwọ́ nu itan rẹ̀ bí ẹni tí ń gbọn ìyẹ̀fun dànù.

Ẹni tí ó bá Ọláyíwọlá ṣe iṣẹ́ náà ni Matthew, ará Ìgbàrà-Odò kan tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé tí ó ń gbé. Ẹnu Matthew kì í sinmi. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n gún un le, wọ́n to pákó yí i ká. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sún mọ́ ìdí ọsàn, wọ́n a bá ìyá àgbà lórí àpótí rẹ̀, kì í sì í ṣe ìrọ̀lẹ́ nìkan mọ́. Àtàárọ̀ ni ó ti ń jókòó síbẹ̀ báyìí.

"Ìyá," ni Matthew wí, ó fi ara ti ṣọ́bìrì rẹ̀, "bí ẹ kò bá dìde, a ó da kọnkéré yí yín ká ni. Àwọn àlejò yóò máa wá wò yín bí ère."

"Bí ẹ bá máa fi sìmẹ́ǹtì dí nǹkan, Matthew, ẹnu rẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ dí. Bóyá ẹgbẹ́ akọrin yóò lè gbọ́ ohùn ara wọn."

Matthew rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. Láti ẹnu ọ̀nà pàápàá, ètè Ọmọ́rìnsọ́lá sún díẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì rí i. Ẹ̀rín kékeré yẹn ni ó mú un ṣe ohun tí ó ṣe. Nígbà tí ó di ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí Ìyá Deborah wé gèlè tí ó sì jáde, Ọláyíwọlá gbé àpótí náà kúrò.

Erùpẹ̀ ìdí ọsàn kò rí bí ìyókù. Pupa ni ti àyíká rẹ̀, ó sì le bí òkúta. Ti igun náà dúdú, ó sì ń wó fúnra rẹ̀ níwájú ọkọ́. Ọláyíwọlá bu ú lọ́wọ́. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo ènìyàn ti sán, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ náà lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́.

"Ààtàn ni ó ní láti jẹ́ láyé àtijọ́," ni Matthew wí. Wọn kò gbẹ́ ẹ jìn. Wọ́n kàn ha á díẹ̀, wọ́n tẹ́ irin wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n sì dà á.

Iṣẹ́ òǹtẹ̀ kì í dúró de ọ̀lẹ. Bí kọnkéré bá rọ̀ jù, òǹtẹ̀ yóò rì. Bí ó bá le jù, òǹtẹ̀ kò ní mú. Ọláyíwọlá ń fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ń dúró, ó tún ń tẹ̀ ẹ́, títí ó fi rí i pé ó gba ìka láìlẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà náà ni ó bu àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú wọ́n ọn, ó tẹ́ àwọn òǹtẹ̀ sí i, ó sì gun orí wọn, ó ń fi ìwọ̀n ara rẹ̀ tẹ̀ wọ́n láti igun dé igun. Ní ibi gbogbo tí ó bá ti gbé òǹtẹ̀ kúrò, òkúta a yọjú: òkúta tí ó sán, òkúta tí ó tò mọ́ra, ẹlẹ́wà. Ó rántí ìyàwó rẹ̀ ní gbogbo ìgbésẹ̀.

Nígbà tí ó gun òǹtẹ̀ tí ó kẹ́yìn, èyí tí ó wà ní ìdí ọsàn, ohun tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ fà sókè díẹ̀, ó sì tún rọra wálẹ̀. Ó dúró. Ó tún fà sókè, ó tún rọra wálẹ̀, bí ikùn ẹni tí ó sùn.

Ó sọ̀kalẹ̀. Ó gbé òǹtẹ̀ náà. Kò sí òkúta kankan lábẹ́ rẹ̀. Ojú kọnkéré náà tẹ́ rẹ̀rẹ̀, ó ń dán.

"Omi ti pọ̀ jù nínú èyí," ni ó wí fún Matthew, nítorí pé ènìyàn gbọ́dọ̀ wí nǹkan.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá Deborah dé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé wá sí ẹ̀yìnkùlé, Bíbélì rẹ̀ wà lábẹ́ apá. Ó wo ilẹ̀ náà. Kò pariwo, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì dúró ní ẹsẹ̀ lásán lórí erùpẹ̀ ìta pákó, bí ẹni tí ó bá òkú pàdé lọ́nà.

"Ìyàwó rẹ ti rí i?" ni ó béèrè, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ.

"Rárá, Ìyá. Ó ń sùn."

"Má tíì jẹ́ kí ó rí i." Ó wọlé lọ. Kò jẹun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọláyíwọlá jáde lọ wo iṣẹ́ rẹ̀. Ìrì ọyẹ́ ti funfun lórí kọnkéré náà, gbogbo rẹ̀ sì ti le, ó dún kò nígbà tí ó fi ọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ní ìdí ọsàn, ibì kan wà tí ìrì kò bà. Ó gùn níwọ̀n ẹní tí à ń tẹ́ fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ó ṣì rọ̀. Ọláyíwọlá fi ọwọ́ bà á, ó sì yára fà á kúrò, nítorí pé ó lọ́ wọ́rọ́, bí ẹ̀yìn ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ojú rẹ̀ kò tẹ́jú mọ́. Àpẹẹrẹ kan ti wà lórí rẹ̀, kì í sì í ṣe òkúta. Ojú òwú ni: ọ̀pọ̀ ihò wẹ́wẹ́ tí ó jẹ́ bákan náà, ìlà tẹ̀ lé ìlà, bí aṣọ tí a fi ọwọ́ hun. Ọláyíwọlá wò ó títí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àpò sìmẹ́ǹtì ni ó já lé e. Ó mú irin pẹlẹbẹ, ó dán an títí ó fi tẹ́. Ní òwúrọ̀ kejì, ojú òwú náà ti padà, ìlà tẹ̀ lé ìlà.

Ó pe Matthew. Àwọn méjèèjì fi ṣọ́bìrì kó ibẹ̀ kúrò. Bí wọ́n ti ń kó o, òórùn kan jáde wá, kì í ṣe òórùn sìmẹ́ǹtì, kì í ṣe ti erùpẹ̀. Àdí ni. Àdí tútù, irú èyí tí à ń fi pa ọmọ lára nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná. Matthew, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n po kọnkéré mìíràn, ó ki, kò ní omi nínú jù. Wọ́n dà á, wọ́n tẹ òkúta sí i, òkúta náà sì mú, wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Ní òwúrọ̀, òkúta ti lọ. Ojú òwú ni wọ́n bá.

Matthew fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú garawa, ó pẹ́ níbi tí ó ti ń fọ̀ ọ́. "Bàbá Wálé," ni ó wí, "mo ti kọ́ ilé rí, mo sì ti gbẹ́ ilẹ̀ rí. Iṣẹ́ èyí kò sí lọ́wọ́ èmi àti ìwọ mọ́. Lọ bá màmá."

Ìyá Deborah wà lórí ibùsùn rẹ̀ nígbà tí Ọláyíwọlá wọlé, ó kọjú sí ògiri. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí ó rò fún un, kò sì yí padà.

"Ohun tí o fẹ́ mọ̀," ni ó wí níkẹyìn, "mo mọ̀ ọ́n. Ẹni mìíràn ì bá bi mí, ǹ bá sọ fún un. Ìwọ àti aya rẹ ni ẹnu mi kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún. Mo ti bá bàbá rẹ mulẹ̀ lórí rẹ̀. Dìde, máa lọ, ọmọ mi. Má bi mí mọ́."

Ọláyíwọlá dìde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Nítorí kí ni ó wà láyé tí gbogbo ènìyàn lè mọ̀, tí bàbá àti ìyá nìkan kò gbọdọ̀ mọ̀? Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀.

Ọyẹ́ ń fẹ́ pẹ̀lú nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, wọ́n wálé wá ṣe ọdún, wọ́n sì gbé àkọ́bí wọn dání, Ìtùnúolúwa, ọmọbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tí ó sì ń ṣubú, tí ó ń rẹ́rìn-ín bí ó bá ṣubú. Ibà gbé e ní òru. Wọ́n fi àdí pa á lára, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì gbé e padà. Kí oòrùn tó wọ̀, bàbá Ọláyíwọlá ti háyà ọkọ̀ kan, ó ti Ọláyíwọlá àti Ọmọ́rìnsọ́lá sínú rẹ̀, ó ní kí awakọ̀ má dúró títí di Èkó. Ọmọ́rìnsọ́lá bojú wẹ̀yìn láti inú gíláàsì títí ìlú fi parẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni kò pe Ọláyíwọlá ní Bàbá Ìtùnú mọ́. Orúkọ náà bá ọmọ lọ, àfi ìgbà tí a bí Wálé ni wọ́n tó tún ní orúkọ òbí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ṣe é, kì í ṣe ìkà. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ náà gbàgbé, kí inú wọn lè gba òmíràn.

Ìbẹ̀rù tí ó wá bá Ọláyíwọlá kì í ṣe ti òkú. Ti alààyè ni. Bí Ọmọ́rìnsọ́lá bá rí ibẹ̀, bí ó bá mọ̀ ọ́n, ṣé ọkàn tí dókítà ní kí a máa ṣọ́ yìí yóò gbà á? Ó wá tapólì kan, ó tẹ́ ẹ bo igun náà, ó fi búlọ́ọ̀kù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó sọ fún aya rẹ̀ pé iṣẹ́ kò tíì parí. Ní ọ̀sán, ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gé òkúta ní ojú ọ̀nà Adó, ó ra òkúta pẹlẹbẹ kan tí ó wúwo, tí ó tó láti bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀ títí láé.

Nígbà tí ó dé, àga onítáyà náà ṣófo.

Aya rẹ̀ ti wọ́ ara rẹ̀ dé ìdí ọsàn, ní orí kọnkéré. Wọ́n ti ṣí tapólì sí ẹ̀gbẹ́ kan, búlọ́ọ̀kù tí ó wúwo náà wà lókèèrè. Ọmọ́rìnsọ́lá jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ibi tí kò gbẹ.

"Ọmọ́rìnsọ́lá," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ já.

Obìnrin náà gbé ìka sí ètè. "Ẹ rọra, Bàbá Wálé. Ó ń sùn."

Ara rẹ̀ kò gbọ̀n. Kò sí omi lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń ti ẹnu rẹ̀ jáde geere, bí ìgbà tí àìsàn kò tíì mọ ilé wọn.

"Ẹ wá wo igun yìí," ni ó wí. "Ẹ rí ibi tí ihò náà ti tóbi ju àwọn ìyókù lọ? Ojú òwú kan bọ́ lọ́wọ́ mi níbẹ̀. Inú oyún rẹ̀ ni mo wà nígbà náà, oorun ń kùn mí. Mo ní n ó tú u, n ó tún un hun, ọ̀lẹ mú mi. Ṣọ́ọ̀lù rẹ̀ ni. Mo ti wá a nínú gbogbo ẹrù wa ní Èkó nígbà tí a padà. Mo rò pé ó sọnù ni."

Ọláyíwọlá kúnlẹ̀. Ó rí igun náà. Ó rí ojú òwú tí ó bọ́.

Ìró ẹsẹ̀ kan ti ẹ̀yìn wọn wá, ẹsẹ̀ lásán tí ń wọ́ nílẹ̀. Ìyá Deborah ni, ó gbé àpótí rẹ̀ dání. Ó wò wọ́n pẹ́ títí. Ó ti mulẹ̀ pé òun kò ní sọ ọ́ fún wọn, kò sì sọ ọ́. Ó gbé àpótí náà kalẹ̀, ó jókòó, ó sì kí obìnrin náà gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kí ẹni tí ó ti àjò jíjìn dé.

"Ìyá Ìtùnú," ni ó wí, "ẹ kú àbọ̀ sí ulé."

Ọmọ́rìnsọ́lá jẹ́ ẹ. "Hòo, Ìyá," ni ó wí. "Ẹ kú ilé."

Nígbà náà ni ẹkún dé, ó sì pọ̀. Ọláyíwọlá ń di aya rẹ̀ mú, ó ń retí kí àìsàn náà tún já lù ú. Kò já lù ú. Ìyá Deborah jẹ́ kí wọ́n sun ún títí ó fi rọlẹ̀.

"Kì í ṣe atẹ́gùn ni mo ń gbà níbí," ni arúgbó náà wí, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. "Ìrọ̀lẹ́ ni ọmọdé máa ń bẹ̀rù. Mo ní kí ó má dá nìkan wà."

Nígbà tí Ọmọ́rìnsọ́lá gbé ọwọ́ kúrò nílẹ̀, kọnkéré náà ti tutù. Ó ti le. Ọláyíwọlá kàn án, ó dún kò bí àwọn ìyókù. Ojú òwú náà wà lára rẹ̀, kò parẹ́, pẹ̀lú igun tí ó ní àṣìṣe. Wọn kò fi nǹkan kan bò ó. Òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n rà ní ojú ọ̀nà Adó fara ti ògiri, àwọn aláǹgbá sì sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń yá oòrùn.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó níbẹ̀ ní ojoojúmọ́, bí ó ti béèrè. Ó ń jẹun. Ó ní kí wọ́n bá òun ra òwú funfun àti abẹ́rẹ́ ìhunṣọ ní Adó, ohun tí kò fọwọ́ kàn láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀lù mìíràn. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, òun a fi í sílẹ̀ lórí àpótí Ìyá Deborah, nítòsí ibi ojú òwú, a sì wọlé.

Ọláyíwọlá ni ó kọ́kọ́ rí i. Ní òwúrọ̀ kan, ó gbé ṣọ́ọ̀lù náà kí ìrì má baà mú un, ó sì rí i pé ó ti gùn ju bí wọ́n ti fi í sílẹ̀ lọ. Ìlà tuntun ti kún un, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí ní òwúrọ̀ méjì tí ó tẹ̀ lé e. Ó rò pé aya òun ni ó jí. Aya rẹ̀ rò pé Ìyá Deborah ni. Ṣùgbọ́n ojú Ìyá Deborah kò rí abẹ́rẹ́ mọ́ láti ọdún gbọọrọ. Wọ́n wo ìlà náà dáadáa. Ó wọ́. Ojú òwú kan fún jù, òmíràn tú jù, àwọn mìíràn bọ́ pátápátá. Ọwọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni.

"N ó máa gbé e wọlé ní ìrọ̀lẹ́ láti òní lọ," ni Ọláyíwọlá wí.

Ọmọ́rìnsọ́lá gba ṣọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé ìlà wíwọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò tú u. Ó mú abẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti ibi tí ìlà náà ti parí.

"Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀," ni ó wí. "Ti àná kò wọ́ tó ti ìjẹta. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń mọ́ ọn."

Ẹ̀yin tí ẹ fetí sí i, ẹ gba àdúrà. Ilé yín kò ní ṣófo ní ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ tí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ́, ẹ ó fi ẹsẹ̀ ara yín rìn ín títí di ọjọ́ ogbó. Kí ìró ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ má ṣe wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé yín. Kí ọmọ yín mú ọkọ́ sin yín, kí ẹ má ṣe mú ọkọ́ sin ọmọ. Àwọn tí ó sì ti sùn kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹnu yín má ṣe gbàgbé orúkọ wọn.